Ìyá Tí Kò Dákẹ́ Àdúrà: Ìtàn Ayé Monica, Ìyá Augustine



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa, pàápàá nígbà tí ìsìn bá parí tí a bá jókòó sábẹ́ igi. Àwọn kan á ní Ọlọ́run Bàbá ni à ń pè, ọkùnrin ni Jésù, ọkùnrin ni àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Kí wá ni ti obìnrin nínú ẹ̀sìn, bí kò ṣe kí ó gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, kí ó gbe orin, kí ó sì sunkún nígbà àdúrà? Àwọn ìyá á gbọ́, wọn á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tí iṣọ́ òru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wo àwọn tí ó wà lórí eékún, ẹ ó rí i pé àwọn ìyá ló máa ń pọ̀ jù. Bí a bá sì béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ wa láti kúnlẹ̀, púpọ̀ nínú wa ni yóò dárúkọ ìyá rẹ̀.

A kò fẹ́ fi àríyànjiyàn dá àríyànjiyàn lóhùn. Ìtàn ni a ó sọ, ìtàn obìnrin kan tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 387. Monica ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ka ìwé Faransé láàárín wa mọ̀ ọ́n sí Monique. Ọmọ rẹ̀ ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ńlá nì tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ìjọ Kristi. Ọmọ náà ló kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sínú ìwé tí ó pè ní Ìjẹ́wọ́, ibẹ̀ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ ti wá.

Ọmọbìnrin Tagaste

Ìlú Tagaste ni a ti bí Monica, ní nǹkan bí ọdún 331. Ìlú náà wà ní ilẹ̀ Àlìjéríà, Souk Ahras ni wọ́n ń pè é báyìí. Nígbà náà, àwọn ará Róòmù ló ń jọba lórí gbogbo agbègbè yẹn. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà nínú ilé wọn, ìránṣẹ́ ni. Òun ló máa ń pọn bàbá Monica nígbà tí bàbá náà wà ní ọmọ ọwọ́. Nítorí èyí, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì fi àwọn ọmọbìnrin ilé sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìyá yìí le. Kì í jẹ́ kí wọ́n mu omi pàápàá bí kò bá tí ì tó àkókò oúnjẹ. Ó ní bí wọ́n bá dé ilé ọkọ tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, omi kò ní wù wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n àṣà mímu yóò ti mọ́ wọn lára.

Síbẹ̀síbẹ̀, èṣù kì í sùn. Wọ́n a máa rán Monica lọ bu wáìnì nínú àgbá. Kí ó tó dà á sínú ìgò, á fi ẹnu kàn án díẹ̀. Kì í ṣe pé ọtí wù ú, eré ọmọdé ni. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà, títí ó fi di pé ife tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ló ń dà sí ọ̀fun. Ní ọjọ́ kan, òun àti ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n jọ máa ń lọ síbẹ̀ jà, ọmọ náà sì bú u pé ọ̀mùtí ni. Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ọjọ́ náà gan-an ló jáwọ́. Ẹ wò ó, ẹnu ọmọ-ọ̀dọ̀ tí inú ń bí ni Ọlọ́run lò láti gba ọmọ rẹ̀ là.

Nílé ọkọ

Nígbà tí ó tó ilé ọkọ, wọ́n fi í fún Patricius. Ọkùnrin yìí kì í ṣe onígbàgbọ́. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n kò lówó púpọ̀. Ó ní ojú àánú, àmọ́ bí inú bá bí i, iná ni. Ó tún máa ń tẹ̀lé obìnrin mìíràn. Monica kì í bá a fa ọ̀rọ̀ nígbà tí inú ń bí i. Á dúró kí ara rẹ̀ rọ̀, nígbà náà ni á tó sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wá pẹ̀lú ojú wíwú tí ọkọ wọn ti lù wọ́n, ẹnu a sì máa yà wọ́n pé kò sẹ́ni tí ó gbọ́ ọ rí pé Patricius na aya rẹ̀.

A kò sọ èyí kí ọkùnrin kankan lè fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé ìyà ló tọ́ sí obìnrin. Ẹni tí ó bá ń lu aya rẹ̀ nílé tí ó tún ń wọ aṣọ funfun wá síwájú Ọlọ́run, kí ó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ ná, kí ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aya rẹ̀.

Ìyá ọkọ Monica náà kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára. Kò fèsì. Ó ń sìn ín, ó ń mú sùúrù, títí ìyá náà fi rí i pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn, tí àwọn méjèèjì sì wá fẹ́ràn ara wọn. Ẹ̀bùn kan tún wà lára obìnrin yìí: bí ẹni méjì bá ń jà, tí ọ̀kan wá da gbogbo ọ̀rọ̀ kíkorò sí i létí nípa èkejì, kì í gbé e kiri. Kìkì ohun tí ó lè parí ìjà ló máa ń gbé dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, àti ẹ̀yin bàbá ìjọ pẹ̀lú, mélòó nínú ìjà tí ó tú ìjọ ká ni ìbá ti parí bí àwa náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Patricius gba Kristi gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní nǹkan bí ọdún 371, Monica sì di opó.

Ọmọ tí ó ṣáko lọ

Ọmọ mẹ́ta ni a mọ̀ pé ó bí: Augustine, Navigius, àti ọmọbìnrin kan. Ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354 ni ó bí Augustine. Láti kékeré ló ti ń kọ́ ọ ní orúkọ Jésù, débi pé nígbà tí Augustine dàgbà, ó sọ pé pẹ̀lú ọmú ìyá òun ni òun ti mu orúkọ náà. Ẹ̀yìn ìyá ni pẹpẹ tí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀.

Ọmọ náà gbọ́n, ìwé sì yé e. Wọ́n rán an lọ sí Carthage, ìlú ńlá etí òkun tí ó wà nítòsí Tunis òde òní. Ibẹ̀ ló ti gbé obìnrin kan sílé láìṣe ìgbéyàwó. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Adeodatus, tí ìtumọ̀ rẹ̀ dà bí Olúwafúnmi tiwa. Ibẹ̀ náà ló ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Mani, àwọn tí ó ń kọ́ni pé agbára méjì ló ń bá ara wọn jà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ti ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn. Ọdún bíi mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín kàwé tán tí ó wá ń fi ẹ̀sìn yín rẹ́rìn-ín, ẹ mọ bí ó ti rí. Monica sunkún lórí rẹ̀ ju bí ìyá ti í sunkún òkú ọmọ lọ. Ó tilẹ̀ kọ̀ láti bá a jẹun pọ̀ nínú ilé kan náà.

Nígbà náà ni Ọlọ́run fi àlá kan hàn án. Ó rí ara rẹ̀ tí ó dúró lórí pákó gígùn kan pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń tàn yọ sí i, ó bi í ní ohun tí ó ń pa á lẹ́kún. Ó ní nítorí ọmọ òun tí ó sọnù ni. Ẹni náà ní kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó wò ó dáadáa, ibi tí òun ìyá wà, ibẹ̀ ni ọmọ náà wà pẹ̀lú. Nígbà tí ó wẹ̀yìn, ó rí Augustine tí ó dúró lórí pákó kan náà.

Nígbà tí ó rọ́ àlá yìí fún ọmọ rẹ̀, Augustine fẹ́ yí i padà, ó ní bóyá ìyá òun ni yóò wá di ọmọlẹ́yìn Mani. Kíá ni Monica dá a lóhùn pé rárá o, wọn kò sọ fún òun pé ibi tí ọmọ wà ni òun yóò wà, ibi tí òun wà ni wọ́n ní ọmọ yóò wà. Èsì yìí wọ ọmọ náà lára ju àlá náà lọ. Monica sì gbà á padà sídìí oúnjẹ.

Ó tún tọ bíṣọ́ọ̀bù kan lọ, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní kí ó fi í sílẹ̀ ná, etí rẹ̀ kò tí ì ṣí, kí ó ṣáà máa gbàdúrà. Monica kò gbà, ó ń bẹ̀, ó ń sunkún. Ó sú bíṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀, pé ọmọ tí ìyá ń sun irú ẹkún báyìí lé lórí kò lè ṣègbé. Monica gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ọ̀run ni ó ti wá.

Ọkọ̀ tí ó lọ lóru

Ní ọdún 383, Augustine fẹ́ lọ sí Róòmù. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé etí òkun, ó dì í mú, ó ní kò ní lọ, tàbí kí wọ́n jọ lọ. Ọmọ parọ́ fún un. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni òun fẹ́ dúró tì títí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́ fún ọkọ̀ rẹ̀, kí ìyá lọ sùn nínú ilé àdúrà tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Cyprian ajẹ́rìíkú, tí ó wà nítòsí. Bí ìyá ti wà lórí eékún ní òru yẹn tí ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ náà má lọ, ọkọ̀ ti lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dúró létí òkun, ó ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ dúró níbí díẹ̀. Ohun tí ó béèrè ní òru yẹn, Ọlọ́run kò fi fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ń béèrè láti ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà òkun yẹn náà ni Ọlọ́run gbà fi ṣe é. Àdúrà ìyá kò bọ́ sílẹ̀, kàkà bẹ́ẹ̀, ó wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé ọmọ.

Iṣọ́ òru àti orin ní Milan

Monica kò jókòó. Ní ọdún 385 òun náà wọ ọkọ̀, ó wá ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú Milan ní Ítálì, níbi tí Augustine ti ń ṣe olùkọ́. Lójú omi, ìgbì dìde. Àwọn atukọ̀ ló yẹ kó máa ki èrò láyà, ṣùgbọ́n òun obìnrin ló ń ki àwọn atukọ̀ láyà, nítorí ó ti rí i lójú ìran pé wọn yóò gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.

Ambrose ni bíṣọ́ọ̀bù Milan. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Monica ti máa ń gbé ẹ̀kọ, búrẹ́dì àti wáìnì lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú. Nígbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Milan, aṣọ́nà dá a dúró, ó ní bíṣọ́ọ̀bù ti kọ̀ ọ́, nítorí ó jọ etutu àwọn abọ̀rìṣà, ó sì tún ń sún àwọn mìíràn sí ìmutípara. Kò jiyàn. Ó gbé agbọ̀n oúnjẹ padà, ó fi ohun tí ó ní fún àwọn aláìní, ó sì gbé ọkàn tí ó kún fún àdúrà lọ sí ibojì náà. Ọ̀rọ̀ àwẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà dà á láàmú, nítorí ìjọ kan ń gbà á, ìjọ kejì kì í gbà á. Ambrose ní ìlànà ìlú tí ènìyàn bá dé ni kí ó tẹ̀ lé, Monica sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 386, Justina, ìyá ọba tí ó wà lọ́mọdé nígbà náà, fẹ́ fi agbára gba ilé ìsìn lọ́wọ́ ìjọ fún àwọn tí kò gbà pé Jésù bá Baba dọ́gba. Àwọn ènìyàn kó ara wọn sínú ilé Ọlọ́run, wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́sàn-án lóru, wọ́n múra láti kú pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù wọn. Augustine kọ ọ́ pé ìyá òun wà lára àwọn tí ó ṣíwájú nínú iṣọ́ òru náà. Kí àárẹ̀ má bàa mú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn àti sáàmù bí àwọn ìjọ ìlà oòrùn ti ń ṣe, láti ibẹ̀ ni àṣà náà sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìjọ. Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé orin lọ́wọ́, ẹ má gbàgbé pé Monica wà níbẹ̀ ní òru ọjọ́ wọnnì.

Ìran tòótọ́ àti èrò ọkàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń sọ ìtàn Monica máa ń fò kọjá. Àwa kò ní fò ó. Obìnrin tí ó bí Adeodatus ti wà pẹ̀lú Augustine fún ọ̀pọ̀ ọdún. Monica fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó tí ó níyì, wọ́n sì bá ọmọbìnrin ìdílé kan sọ ọ́, ọmọ tí kò tí ì tó ilé ọkọ, ó ku bí ọdún méjì. Wọ́n lé obìnrin àkọ́kọ́ padà sí Áfíríkà. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mọ ọkùnrin mìíràn mọ́, ó sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Augustine kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ìyá ni, òun náà ọmọ Ọlọ́run ni. Ẹkún rẹ̀ náà dé ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ìyá tí ń gbàdúrà náà lè ṣe obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ohun tí kò dára.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, pàápàá ẹ̀yin aríran. Lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí, Augustine àti Monica gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ìran hàn án. Ó rí àwọn nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ wọ́n fún ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ́ tinútinú pé wọn kò jámọ́ nǹkan, èrò ọkàn òun ló bí wọn. Ó ní adùn kan wà tí òun kò lè fẹnu ṣàlàyé, tí òun fi ń mọ ìran Ọlọ́run yàtọ̀ sí àlá ara òun. Ọ̀rọ̀ yìí wù ú gidigidi, síbẹ̀ kò ní Ọlọ́run wí nígbà tí Ọlọ́run kò wí. Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ìgbéyàwó náà kò sì wáyé mọ́.

Adúrà gbà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 386, nínú ọgbà kan ní Milan, Ọlọ́run ṣẹ́gun ọkàn Augustine. Inú ilé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sáré lọ. Ìyá fò fáyọ̀, nítorí ohun tí ó gbà pọ̀ ju ohun tí ó tọrọ lọ.

Wọ́n lọ sinmi ní abúlé kan tí ń jẹ́ Cassiciacum. Augustine àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Monica wọlé, ó dá sí i, ó sì bi wọ́n bóyá a ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n kọ obìnrin sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Augustine ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọgbọ́n rẹ̀ wu òun. Nínú ìjíròrò mìíràn níbẹ̀, òun ló fi ẹsẹ orin Ambrose kan kádìí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tí kò lọ sílé ìwé ńlá, ó jókòó láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀.

Ní òru Àjíǹde ọdún 387, láàárín ọjọ́ 24 àti 25 oṣù kẹrin, Ambrose ṣe ìrìbọmi fún Augustine àti Adeodatus. Wọ́n wá ń padà bọ̀ nílé. Ní Ostia, èbúté Róòmù, ìyá àti ọmọ dúró lójú fèrèsé tí ó kọjú sí ọgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyè àìnípẹ̀kun. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ọkàn wọn gòkè, ó kọjá ohun gbogbo tí a dá, ó sì kan ọ̀dọ̀ Ọlọ́run fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dé ibẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ọ̀la kò ṣíwájú ìyá rẹ̀, ìyá kò sì dúró lẹ́yìn.

Kò pẹ́ sí i ni ibà mú un. Navigius ń fẹ́ kí ó kú sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n sin ara òun síbikíbi, kí wọ́n ṣáà máa rántí òun níwájú pẹpẹ Olúwa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án àìsàn náà ó sùn, ó jẹ́ ẹni ọdún 56. Adeodatus bú sẹ́kún. Evodius, ọ̀rẹ́ wọn, gbé sáàmù sẹ́nu, gbogbo ilé sì gbè é.

Nínú ìwé Ìjẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Augustine dárúkọ ìyá rẹ̀. Ìdí tí ó fi dá a ni kí àwọn tí yóò ka ìwé náà lè rántí Monica nínú àdúrà. Ní ọdún 1430 wọ́n gbé egungun rẹ̀ lọ sí Róòmù. Ní ọdún 1945, àwọn ọmọkùnrin tí ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ostia kan àjákù òkúta ibojì rẹ̀ tí a kọ̀wé sí. Àwọn ará Àgùdà ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí ó ṣáájú ti ọmọ rẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́

A kò sọ pé kí a yí ètò ìjókòó ilé Ọlọ́run padà, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo àdúrà obìnrin. Bàbá ni à ń pe Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ wòlíì Aísáyà fi ìtùnú Ọlọ́run wé ti ìyá sí ọmọ rẹ̀, Jésù sì fi ara rẹ̀ wé àgbébọ̀ adìẹ tí ń ràdọ̀ bo ọmọ. Màríà Magidalénì, obìnrin, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn àjíǹde dé ọ̀dọ̀ àwọn àpọ́sítélì. Ẹni tí ó bá kẹ́gàn ẹkún ìyá nínú ilé ìsìn, kí ó rántí pé bí kò bá sí ẹkún Monica, bóyá ìjọ kì bá tí ní Augustine.

Àti ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ti lọ sí Kútọnu, sí Èkó tàbí sí òkè òkun, tí ẹ kò gbúròó rẹ̀ mọ́, tàbí tí ó wà nítòsí ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ jìnnà: ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí Monica fi ṣe èyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó sú yín.

Kí Olúwa tí ó gbọ́ ti Hánnà ní Ṣílò, tí ó gbọ́ ti Monica létí òkun, kí ó gbọ́ ti gbogbo ìyá inú ìjọ wa. Kí ó dá àwọn ọmọ tí ó ṣáko padà. Kí ó fún àwa ọkùnrin ní ọkàn ìrẹ̀lẹ̀ láti kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.